Alága Tó Fẹ́ Gba Máàkì Mẹ́wàá

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ omi, torí omi ni gbogbo wàhálà yìí dá lé lórí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé káàdì ni ẹ ó máa gbọ́ títí. Ẹni tí kò fẹ́ràn alága, kó jókòó dáadáa. Ẹni tó fẹ́ràn wọn náà, kó jókòó. Ó máa tó yí ọkàn padà.

Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, òpópónà tóóró kan wà tí à ń pè ní Ajírọ́ba. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ló dáwó gbẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ náà ní ilẹ̀kùn irin, ilẹ̀kùn irin náà ní àgádágodo, kọ́kọ́rọ́ àgádágodo náà sì wà lọ́rùn Alhaji Muqtadir Arówólò, Alága Ẹgbẹ́ Olómi Ajírọ́ba. Ó fi okùn aláwọ̀ ewé gbé e kọ́ ọrùn bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú eré sísá. Ó ń fi wẹ̀, ó ń fi sùn. Ìyàwó rẹ̀ ní bí òun bá yíjú sí i lóru, kọ́kọ́rọ́ náà a máa gún òun níhà. Ọlọ́lá ní kó fara dà á, nítorí ìlú ló ń gún un.

Bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́lá. Bí ẹ bá pè é ní Alhaji, kò ní gbọ́. Bí ẹ bá pè é ní Alága, á wo ẹ̀gbẹ́ kan. Àfi bí ẹ bá pè é ní "Ọlọ́lá Jùlọ, Bàbá Omi" ni ẹ tó lè rí eyín rẹ̀.

Láàárọ̀, tí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, àwọn èèyàn á to kẹ́ẹ̀gì láti ẹnu ẹ̀rọ omi dé ojú títì. Ẹ má rò pé omi ló kàn. Ọ̀rọ̀ ló kàn. Ọlọ́lá á gun orí kéréètì ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó jìnnà sí i jù lọ lè na ọwọ́ fa aṣọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi! Kí ni omi?"

Kò sẹ́ni tó máa dáhùn. Ẹni tó dáhùn nígbà kan pé omi ni omi, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n lé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lọ.

"Omi ni ìṣàkóso! Bí kò bá sí aṣáájú, ṣé omi mọ ibi tó máa ṣàn gbà?"

"Kò mọ̀ ọ́n, sà!" Tàófíìkì ló dáhùn yẹn. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti pàtẹ́wọ́ ṣáájú gbogbo èèyàn.

"Lánàá, ta ló fún yín lómi?"

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì ńkọ́?"

Tàófíìkì kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run. Èèyàn tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run ni. "Ẹ lọ́wọ́ sí i, sà," ló wí nígbẹ̀yìn.

Báyìí ni àwọn ọmọ ṣe ń pẹ́ dé ilé ìwé, báyìí ni àwọn ìyàwó ilé ṣe ń wo gààrí gbígbẹ, tí oníṣẹ́ sì ń fi omi ọwọ́ kan bọ́jú sáré lọ wọkọ̀ ní CMS. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́ o. Omi wà. Ọ̀rọ̀ ni kò tán.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í pàtẹ́wọ́ ni Alhaja Àlímọ̀t. Ìjẹ̀bú ni, ó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ tó ń tà lọ. Ó dàgbà ju Ọlọ́lá lọ dáadáa, torí náà kò rí ìdí tó fi yẹ kí òun sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni tó wà ní mọ́sáláàṣí.

"Muqtadir, sáà rẹ ti parí láti èṣí. Ìgbà wo la máa dìbò?"

"Ẹ̀yin Alhaja, àwẹ̀ ló wọlé yìí. Ṣé inú àwẹ̀ la máa jà ni?"

Àwẹ̀ parí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí iléyá kọjá. Iléyá kọjá. Ó ní ooru mú jù, ìbò inú ooru kì í jẹ́ òtítọ́. Òjò dé. Ó ní àpótí ìbò wà lọ́dọ̀ káfíńtà, fáníìṣì rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ẹ wò ó, mo ti rí fáníìṣì rí láyé mi, n kò rí irú èyí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí ọlọ́kadà kan fi gbé páálí kékeré wọ Ajírọ́ba.

Azeemah ló ni páálí. Ọmọ Lafiaji ni, ọkọ ló gbé e wá sí àdúgbò wa; yàrá kan tó kọjú sí títì ló fi ṣe ọ́fíìsì. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́kadà tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Ọlọ́lá ti dúró sáàárín ọ̀nà.

"Ohunkóhun tó bá wà nínú páálí, ó gbọ́dọ̀ kọjá níwájú mi. Kí ló wà níbẹ̀?"

"Káàdì agbábọ́ọ̀lù ni, Ọlọ́lá," ni Azeemah wí, tó jáde pẹ̀lú ìbòrí tó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Tẹ́tẹ́!"

"Rárá o, sà. Òwò ni. Àwòrán agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n tẹ̀ sórí páálí kékeré. Àwọn ará òkè òkun a máa kó o jọ. Ẹni tó bá ń palẹ̀ ilé mọ́ níbẹ̀ á gbé tirẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á tà á lọ́pọ̀, láìtíì gba máàkì. Èmi á rà á. Màá fi iná wo igun rẹ̀, màá wo etí rẹ̀, màá wo ojú rẹ̀ bóyá nǹkan ha á. Èyí tó bá dáa nínú wọn, màá kó o ránṣẹ́ sí ilé kan ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á fún un ní máàkì láti oókan títí dé mẹ́wàá, wọ́n á sé e mọ́nú ike líle, màá wá tà á. Èyí tó bá gba mẹ́wàá, àwọn èèyàn á máa jà sí i."

"Mẹ́wàá." Ọlọ́lá fi ọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀. "Àwọn tó ń fúnni ní máàkì yìí, ṣé wọ́n mọ ẹni tó wà nínú àwòrán?"

"Kò kàn wọ́n, sà."

"Wọn kì í gba rìbá?"

"Wọn ò tilẹ̀ mọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n, Ọlọ́lá, káàdì ni wọ́n ń wò o, wọn kì í wo èèyàn. Ìyẹn ni pé bí igun rẹ̀ bá ká—"

Ọlọ́lá ò gbọ́ mọ́. Etí rẹ̀ náà ní ilẹ̀kùn irin, ó sì ti tì í. Ohun tó gbọ́ ni pé ilé kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti ń wo ojú èèyàn, tí wọ́n ń sọ iye tó jẹ́, láìgba rìbá, láìmọ̀ ọ́n rí. Ó lọ sílé, ó dúró níwájú dígí, ó wo ara rẹ̀ ní ọ̀tún, ó wo ara rẹ̀ ní òsì. Kò rí ibi tí wọ́n ti lè yọ máàkì kankan.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó pe ìpàdé.

"Ìbò!" ló fi bẹ̀rẹ̀. "Ẹ ń pariwo ìbò, ìbò. Ta ló ń dìbò? Aládùúgbò! Aládùúgbò tó ń bínú sí mi nítorí mo ní kó gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ kúrò lọ́nà! Ṣé ìyẹn ni yóò wọ̀n mí? Mo ti rí ọ̀nà tó tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ alága, kó ya àwòrán, kó tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì bíi ti agbábọ́ọ̀lù, kó jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹni tí máàkì rẹ̀ bá pọ̀ jù, òun ni alága! Àwọn tí kò mọ̀ wá ni kó wò wá. Òdodo nìyẹn!"

"Òdodo!" ni Tàófíìkì ké, ó sì pàtẹ́wọ́ títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi pupa. "Irú ọgbọ́n báyìí, sà, kò tíì dé Àbújá!"

Gbogbo èèyàn ń wo Alhaja Àlímọ̀t. Wọ́n rò pé yóò bú u. Alhaja ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Nígbà tó ki òwú náà wọlé tán, ó ta á ní kókó.

"Mo gbà," ló wí.

"Ẹ gbà?"

"Mo gbà. Èmi náà á ya tèmi. Ṣùgbọ́n tún un sọ, Muqtadir. Gbé ẹ̀rọ rẹ yẹn sẹ́nu, kí àwọn ará ẹ̀yìn gbọ́."

Ẹ mọ ẹni tí wọ́n bá ní kó tún ọ̀rọ̀ sọ, tó bá fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá fi tirẹ̀ kún un: "Bí ẹnikẹ́ni bá gba máàkì tó ju tèmi lọ, kí ẹ bọ́ kọ́kọ́rọ́ yìí lọ́rùn mi níbi tí mo bá dúró sí! N kò ní janpata!"

Azeemah ní ilé yẹn ń gba káàdì yòówù kó jẹ́, kí olówó ṣáà ti sanwó. Ó ní òun á kó méjèèjì mọ́ tòun. "Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín," ló wí fún gbogbo wọn. "Bí káàdì bá ti jáde ní ilé ìtẹ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ pa á lójú, ẹ má kọ nǹkan sí i. Inú ọ̀rá rẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó wà."

Àwòrán Alhaja ò gba àkókò. Azeemah fi fóònù yà á níbi tó jókòó sí láàárín òwú.

"Ẹ di bọ́ọ̀lù mú, Màmá. Káàdì eré ìdárayá ni."

"Eré ìdárayá wo? Èmi tí orúnkún ń dùn?" Ó mú ìdì òwú pupa kan dání. "Yà á bẹ́ẹ̀. Oníbàárà ń dúró dè mí."

Ti Ọlọ́lá ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀. Ó wọ agbádá funfun, ó wọ jẹsí bọ́ọ̀lù lé agbádá lórí, agbádá náà sì yọ lábẹ́ rẹ̀ bí aṣọ ìkélé tí wọn ò ká dáadáa. Nọ́ńbà kẹwàá ló wà lẹ́yìn jẹsí náà. Ó ní kí wọ́n ya iwájú òun, kí wọ́n sì rí i pé ẹ̀yìn náà hàn. Wàsíù ayàwòrán ní ọ̀kan ni kámẹ́rà òun lè ṣe. Tàófíìkì ní kámẹ́rà Wàsíù ń bá ọ̀tẹ̀ ṣe. Lẹ́yìn náà, Ọlọ́lá gbé ẹsẹ̀ lé bọ́ọ̀lù kí ó lè jọ akọni. Bọ́ọ̀lù yí, Ọlọ́lá bá a yí, kọ́kọ́rọ́ sì gbá a lágbọ̀n. Àwòrán tí wọ́n padà lò, ìjókòó ló wà.

Wọ́n tẹ káàdì méjèèjì ní Ṣómólú lọ́wọ́ atẹ̀wé kan náà. Ti Alhaja wọ inú ọ̀rá, ó di ọ̀dọ̀ Azeemah. Ṣùgbọ́n nígbà tí ti Ọlọ́lá dé ọwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ ò dùn.

"Ó wà lásán jù," ló wí. "Báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé èmi ni mo fọwọ́ sí i?"

"Àṣìṣe ńlá gbáà ni, sà," ni Tàófíìkì wí.

"Azeemah ní ká má kọ nǹkan sí i," ni Ọlọ́lá wí.

"Àwọn mẹ̀kúnnù ló ń bá wí, sà."

Ọlọ́lá mú báírò aláwọ̀ ewé, ó fọwọ́ sí i láti etí kan dé etí kejì. Ó mú òǹtẹ̀ ẹgbẹ́, ó lù ú mọ́ iwájú orí àwòrán ara rẹ̀: MO TI RÍ I, MO SÌ FỌWỌ́ SÍ I. Tàófíìkì ní àwọn igun rẹ̀ mú jù, ó lè gún òyìnbó lọ́wọ́. Wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó rí róbótó. Ọlọ́lá ta lọ́fínńdà sí i kí ilé yẹn lè gbọ́ òórùn ọlá. Lákòótán, ó gbé e lọ sí CMS fúnra rẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ lẹ ọ̀rá mọ́ ìwé ẹ̀rí, ó ní kí wọ́n lẹ ọ̀rá mọ́ ọn níwájú lẹ́yìn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ní Èkó, ohun tí a bá kà sí pàtàkì, a ó lẹ ọ̀rá mọ́ ọn. Ìwé ilé, ìwé ẹ̀rí, ìwé ìgbéyàwó. Kí ló dé tí a ò ní lẹ̀ ẹ́ mọ́ Ọlọ́lá?

Nígbà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ Azeemah, obìnrin náà wò ó, ó wò ó, ó jókòó.

"Ọlọ́lá, ṣé ẹ ò ní tẹ òmíràn?"

"Òmíràn kẹ̀? Ìlara ni! Gbogbo ohun tó bá ń kúrò ní Ajírọ́ba gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀. Kó tìrẹ náà wá!"

Ó ti gbé òǹtẹ̀ sókè lórí káàdì agbábọ́ọ̀lù kan tí Azeemah ti fi odindi oṣù wá kiri lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Azeemah fi ọwọ́ bò ó kíá. Gbàm! Ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ni òǹtẹ̀ bá. Títí di ọjọ́ kejì, obìnrin náà ń rìn kiri nínú ọjà tòun ti ìfọwọ́sí Alága. Káàdì rẹ̀ mọ́.

"Ẹ ṣé, sà," ló wí. "Màá gbé tiyín lọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́."

Ọ̀sẹ̀ ń lọ, oṣù ń lọ. Ọlọ́lá ò dúró de èsì kó tó máa jẹ̀gbádùn rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kun nọ́ńbà mẹ́wàá sára géètì ilé òun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojúlé kẹtàdínlógún ni. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ fi ọwọ́ kan kí òun mọ́. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni kí wọ́n nà. Báyìí ni ẹni tó ru igbá ẹrù á fi sọ igbá kalẹ̀ kó tó lè kí i. Ọ̀rọ̀ òwúrọ̀ náà gùn sí i. Ó ti kúrò lórí omi, ó ti dé orí bí Amẹ́ríkà ṣe máa pè é kó wá kọ́ wọn ní ìṣàkóso. Oòrùn á yọ, á gòkè, omi ò ní tíì dà.

"Muqtadir, omi," ni Alhaja máa ń wí láti ìdí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀.

"Ẹ ní sùúrù, Alhaja. Ẹ̀yin náà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fún yín ní mẹ́rin."

Páálí dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọlọ́lá ní wọn ò gbọdọ̀ ṣí i títí di ọjọ́ kejì, ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀rọ omi náà kò ní ṣí àfi lẹ́yìn tí wọ́n bá ka máàkì òun. Láàárọ̀ Sátidé, gbogbo Ajírọ́ba ló wà níta pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì òfìfo, ọmọdé ń ké, ọ̀fun gbẹ. Ọlọ́lá wọ agbádá àti jẹsí. Ó fún Tàófíìkì ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ìwọ ni kó o ka á. Kò dáa kéèyàn máa ka oríire ara rẹ̀."

Azeemah tú páálí. Ó kọ́kọ́ mú èyí tó wà nínú ike líle, tó ń dán. Obìnrin àti ìdì òwú pupa ló wà nínú rẹ̀.

"Alhaja Àlímọ̀t," ni Tàófíìkì kà. "Mẹ́sàn-án."

Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́lá rẹ́rìn-ín ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. "Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Màmá! Ó gbìyànjú! Mẹ́sàn-án kì í ṣe kékeré. Ọ̀kan péré ló kù. Ó yá, Tàófíìkì, kà á!"

Èyí tó kàn ò sí nínú ike líle. Inú ọ̀rá CMS tirẹ̀ náà ló ṣì wà, bébà kan lẹ̀ mọ́ ọn. Tàófíìkì wo bébà náà. Ó yí i padà bóyá ẹ̀yìn á dáa ju iwájú lọ.

"Kà á!"

"Ọlọ́lá, bóyá ká wọlé kà á—"

"Nínú ẹ̀rọ ni kó o ti kà á!"

Ẹ ṣe àkíyèsí pé kò sẹ́ni tó fipá mú Ọlọ́lá.

"Wọ́n ní," ohùn Tàófíìkì bọ́ jáde nínú ẹ̀rọ, ó dé Lafiaji, "wọ́n ní àwọn ò lè fún káàdì yìí ní máàkì kankan. Wọ́n ní wọ́n ti gé e, wọ́n ti kọ nǹkan sí i, wọ́n ti lẹ nǹkan mọ́ ọn. Wọ́n ní... wọ́n ní ó ń rùn, sà."

Ọmọ kan tó ń ké tẹ́lẹ̀ fọwọ́ di imú.

Ọlọ́lá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn ti bo imú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tán lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ẹ gbọ́! Wọn ò rí máàkì tó tó o! Mẹ́wàá kéré! Mo ti kọjá òǹkà!"

"Ó ti kọjá òǹkà!" ni Tàófíìkì ké, ó sì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Òun nìkan ló pa á. Ó wo yíká, ó fi ọwọ́ náà nu ẹnu.

"Muqtadir," ni Alhaja Àlímọ̀t wí láìdìde. "Bí wọ́n bá ní kó o lọ ra ṣúgà wá, tó o dé láìmú nǹkan kan lọ́wọ́, ṣé wàá ní ṣúgà tó o rà ti kọjá òǹkà?"

Ẹ̀rín tó bẹ́, n kò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ti ń pàtẹ́wọ́ láti ọjọ́ yìí, ẹ̀rín ló wà nínú ọwọ́ wọn.

"Azeemah!" Ọlọ́lá ké. "Sọ fún wọn! Káàdì ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo èèyàn! Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀!"

"Mo sọ ọ́, sà. Atẹ̀wé kan náà ló tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe jáde níbẹ̀, ó dáa. Ẹ̀yin lẹ wá ràn án lọ́wọ́."

"Ká fi òmíràn ránṣẹ́! Mo pàṣẹ! Kẹ́nikẹ́ni má..."

"Òǹgbẹ ń gbẹ wá!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, kẹ́ẹ̀gì sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu ara wọn. Ó dà bíi pé òjò ń rọ̀ sórí páànù.

Ta ni ẹ rò pé ó bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀? Àwọn géńdé ni? Rárá. Tàófíìkì ni. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ́ ọ, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń bọ́ fìlà fún àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Alhaja Àlímọ̀t, ó nà án sí i.

"Ọlọ́lá Jùlọ," ló wí, "Ìyá Omi! Mẹ́sàn-án yín yìí, mà, kò tíì dé Àbú..."

"Tàófíìkì."

"Mà?"

"Dákẹ́. Dìde. Lọ gbé kẹ́ẹ̀gì ìyá rẹ."

Lọ́jọ́ náà, wọ́n fi ariwo pọn omi tán. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Alhaja ṣí ilẹ̀kùn irin, ó yí ẹ̀rọ, omi dà. Kò gun orí nǹkan kan. Kò sọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wo omi. Ó ti mọ́ wọn lára kí ọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹnì kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́, ojú tì í, ó dáwọ́ dúró.

"Ta lẹ ń retí?" ni Alhaja bi wọ́n. "Omi rèé. Ẹ pọn ún."

Ìgbà náà ni wọ́n sún mọ́ ọn. Kí oòrùn tó yọ, ìlà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Lẹ́yìn pátápátá, Alhaji Muqtadir Arówólò dúró pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àwọ̀ ìyeyè tuntun kan. Ìyàwó rẹ̀ ló rán an. Láti ọjọ́ tó ti ń jẹ alága, kò pọn omi rí, ilé ni wọ́n ń gbé e bá a. Nígbà tó dé iwájú, ó húkọ́. Gbogbo èèyàn yíjú, wọ́n gbé ẹrù wọn dúró, wọ́n ń retí. Ó la ẹnu. Ó wo omi, ó wo àwọn èèyàn.

"Ẹ jọ̀ọ́," ló wí, "ṣé èmi ló kàn?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Azeemah dá a lóhùn.

Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sábẹ́ ẹ̀rọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí kẹ́ẹ̀gì náà mú. Kò ṣí ìdérí rẹ̀. Omi ń dà lé ìdérí náà lórí, ó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì lọ sórí bàtà rẹ̀, ó sì dúró ṣinṣin, ó ń retí kó kún.